Ọwọ́ tí ń Wọ́ra: Ohun tí Ó Lè Ṣe àti Ohun tí Kò Lè Ṣe

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ọ̀rọ̀ yìí sókè kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n kà lè gbọ́.

Ọ̀rọ̀ wa ti òní dá lé orí ara wíwọ́. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Ọjọ́ tí a bí wa ni wọ́n ti fi òrí pa wá lára, tí wọ́n wọ́ wa lọ́wọ́, tí wọ́n wọ́ wa lẹ́sẹ̀. Nígbà tí a bá ti oko dé tí ẹ̀yìn ń ro wá, a ó pe ọmọ pé kí ó wá fi ọwọ́ tẹ ẹ̀yìn fún wa. Nígbà tí arúgbó kò bá lè sùn, a ó wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ títí oorun yóò fi gbé e lọ.

Ǹjẹ́ ara wíwọ́ dára? Bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Ǹjẹ́ ó dára fún gbogbo àìsàn? Rárá o. Nígbà mìíràn, ó lè ba ara jẹ́. Nígbà mìíràn, ó lè pa ènìyàn. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ jọ jíròrò lé e lórí lónìí.

ÌTÀN ÌYÁ ÀGBÀ KAN

Ìyá àgbà kan wà ní abúlé wa. Ọwọ́ rẹ̀ rọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Bí obìnrin bá ru igi ìdáná dé tí ìbàdí rẹ̀ ń dùn ún, ilé ìyá yìí ni yóò lọ. Bí àgbẹ̀ bá kọ ebè fún ọjọ́ mẹ́ta tí kò lè nàró mọ́, ilé ìyá yìí ni yóò lọ. Ìyá yóò yọ́ òrí sí àtẹ́lẹwọ́, yóò jókòó ti ẹni náà, yóò máa wọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, yóò sì máa bá a sọ̀rọ̀. Ẹni tí ó wọlé pẹ̀lú ìkérora yóò jáde pẹ̀lú ọpẹ́. Kì í gba ju iṣu kan tàbí ẹyin mélòó kan lọ.

Ní ọjọ́ kan, ọmọkùnrin kan já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú, ó sì tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́. Àwọn ará ilé gbé e lọ sọ́dọ̀ ìyá. Àwọn ọkùnrin mẹ́rin dì í mú, ìyá sì ń wọ́ ẹsẹ̀ náà. Ọmọ náà ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi igi àti okùn di ẹsẹ̀ náà, wọ́n sì fún un pinpin kí egungun lè tètè jọ.

Ní alẹ́, ọmọ náà sọ pé òun kò mọ ìka ẹsẹ̀ òun mọ́. Wọ́n ní kí ó ní sùúrù. Ní ọjọ́ kejì, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ní ọjọ́ kẹrin, ó dúdú, ó sì ń rùn. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ náà ti kú. Wọ́n gé e nísàlẹ̀ orúnkún kí ọmọ náà má baà kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ta ni ó ṣe ibi nínú ìtàn yìí? Kò sí ẹni tí ó fẹ́ ibi fún ọmọ náà. Ọwọ́ tí ó ti mú ìrora ọ̀pọ̀ ènìyàn rọlẹ̀ náà ni ó wọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àìmọ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ jẹ́ kí á kọ́ ìmọ̀ tí wọn kò ní ní ọjọ́ náà.

KÍ NI ARA WÍWỌ́ Ń ṢE?

Nígbà tí a bá ṣiṣẹ́ púpọ̀, ẹran ara wa yóò le, yóò sì fún pọ̀. Bí ẹran ẹ̀yìn bá le, a kò ní lè tẹ̀, a kò ní lè nà. Bí a bá fi ọwọ́ wọ́ ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ yóò gbóná, ẹ̀jẹ̀ yóò máa rìn dáadáa nínú awọ ara níbẹ̀, ẹran tí ó ti le yóò sì rọ̀. Ìrora yóò dínkù.

Ohun kejì ni pé ọkàn yóò balẹ̀. Ẹni tí ìdààmú bá, tí kò lè sùn, ara rẹ̀ yóò rọlẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ràn rẹ̀ bá fi ọwọ́ kàn án. Àwọn arúgbó wa tí ó dá wà nínú yàrá mọ èyí dáadáa. Nígbà mìíràn, kì í ṣe òróró ni wọ́n ń wá, ọwọ́ ọmọ ni.

Ohun kẹta ni pé, obìnrin tí ó ń rọbí yóò rí ìtura bí a bá fi ọwọ́ pa á ní ìbàdí àti ní ẹ̀yìn. Kò ní mú ìrora náà kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n yóò ràn án lọ́wọ́ láti fara dà á.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Ìtura tí ara wíwọ́ ń mú wá kì í pẹ́ púpọ̀. Ó lè jẹ́ wákàtí díẹ̀, ó lè jẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn gbọ́dọ̀ máa rìn, kí ó máa na ara, kí ó sì dín ẹrù rírù kù. Kí ó má ṣe dùbúlẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Àwọn dókítà ti rí i pé ẹni tí ó ń rìn díẹ̀díẹ̀ máa ń tètè sàn ju ẹni tí ó dùbúlẹ̀ lọ. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù nílẹ̀, ẹ tẹ orúnkún, ẹ má tẹ ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí ẹrù náà súnmọ́ àyà yín.

Ara wíwọ́ kì í lé ibà lọ. Kì í pa kòkòrò àìsàn. Kì í fa ẹ̀jẹ̀ búburú jáde. Ẹni tí ó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, kò sọ òtítọ́.

BÍ A ṢE Ń WỌ́RA

1. Ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ gé èékánná. Ẹ bọ́ òrùka.

2. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà dùbúlẹ̀ tàbí kí ó jókòó ní ibi tí afẹ́fẹ́ tútù kò ti ní fẹ́ sí i.

3. Ẹ mú òrí díẹ̀, tàbí àdí, tàbí òróró àgbọn. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ kí ó má tutù sí ara.

4. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́. Bí ara bá ti gbà á, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ń wọ́ ẹsẹ̀ tàbí apá, ẹ máa ti ìsàlẹ̀ lọ sókè.

5. Ẹ má ṣe tẹ egungun ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹran tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì ni kí ẹ wọ́. Ẹ má ṣe tẹ ọ̀fun. Ẹ má ṣe yí ọrùn ènìyàn kí ó lè dún. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi ẹsẹ̀ gun arúgbó lẹ́yìn, nítorí egungun arúgbó máa ń tètè ṣẹ́.

6. Ẹ máa béèrè pé, "Ṣé ó tẹ́ yín lọ́rùn? Ṣé ó ń dùn yín?" Bí ó bá ní ó ń dùn òun jù, ẹ dẹwọ́. Àwọn kan ń sọ pé ara wíwọ́ tí kò bá mú omi jáde lójú kò tíì tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

7. Ó tó bí ẹ bá fi ìwọ̀n ìdá mẹ́ta wákàtí ṣe é, èyíinì ni ogún ìṣẹ́jú.

ỌMỌ TUNTUN

Ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀yin ìyá ìyá, ọ̀rọ̀ yín rèé. Ó dára kí a fi òróró pa ọmọ lára. Ọmọ á sùn, á sì mọ ọwọ́ ìyá rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Bangladesh, àwọn dókítà fi òróró irúgbìn sunflower, tí a tún ń pè ní òdòdó oòrùn, pa àwọn ọmọ tí a bí kí oṣù wọn tó pé ní ilé ìwòsàn. Ní ọdún 2005, wọ́n kọ̀wé pé àrùn kò tètè wọ ara àwọn ọmọ wọ̀nyí bíi ti àwọn tí a kò pa ní òróró. Awọ ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ fẹ́lẹ́ púpọ̀. Òróró náà dàbí aṣọ tí ó bò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe yára láti wẹ ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí a dúró fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn ìbí kí a tó wẹ̀ ẹ́, kí òtútù má baà mú un. Ẹ nu ara rẹ̀ gbẹ, ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ ní ìhòòhò, kí ẹ fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Bí ọmọ bá kéré jù, oògùn ńlá ni àyà ìyá jẹ́ fún un. Ní ọdún 2022, Àjọ yìí kan náà sọ pé kí a gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé àyà ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí a bá ti bí i.

Nígbà tí ẹ bá ń wọ́ ọmọ, ọwọ́ fífúyẹ́ ni kí ẹ lò. Àwọn nǹkan kan wà tí àwọn ìyá wa ń ṣe tí ó yẹ kí á fi sílẹ̀:

Ẹ má ṣe ju ọmọ sókè. Ẹ má ṣe fi apá kan tàbí ẹsẹ̀ kan gbé e rọ̀. Ọrùn ọmọ kò tíì le, ọpọlọ rẹ̀ sì lè ṣèṣe.

Ẹ má ṣe tẹ àwùjẹ̀ ọmọ. Orí tí ó gùn nígbà ìbí yóò padà bọ̀ sípò fúnra rẹ̀.

Ẹ má ṣe fún ọmú ọmọ tuntun, bí ó tilẹ̀ wú. Yóò lọ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fún un, ó lè di oówo.

Ẹ má ṣe kán òróró sí imú ọmọ. Ó lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹ má ṣe po káńfọ̀ mọ́ ìpara ọmọ. Ẹ má sì kó káńfọ̀ funfun tí a fi ń lé kòkòrò sáàárín aṣọ ọmọ. Àwọn ọmọ kan wà tí ó lè ba ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́, tí ojú wọn yóò sì pọ́n bí epo.

ABOYÚN ÀTI ÌYÁ ÌKÓKÓ

A lè wọ́ aboyún ní ẹ̀yìn, ní èjìká àti ní àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe tẹ ikùn rẹ̀. Àwọn kan ń tẹ ikùn aboyún kí ọmọ tí ó dábùú lè yí padà. Ewu ńlá ni. Ibi ọmọ lè já kúrò lára ilé ọmọ, ẹ̀jẹ̀ yóò sì máa dà nínú, ìyá àti ọmọ lè kú. Bí ọmọ bá dábùú, agbẹ̀bí tí ó kọ́ṣẹ́ àti dókítà ni kí ó rí i.

Bí obìnrin bá ń rọbí, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgúnpá tàbí orúnkún ti ikùn rẹ̀ kí ọmọ lè yára jáde. Ilé ọmọ lè ya.

Lẹ́yìn ìbí, a máa ń fi omi gbígbóná jó ìyá ìkókó. Kí omi náà má ṣe gbóná tó èyí tí yóò bó awọ ara. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà púpọ̀ lára ìyá, ẹ má ṣe dúró fi omi jó o. Ẹ wá kẹ̀kẹ́ tàbí ọkọ̀, ẹ sáré lọ sí ilé ìbímọ.

IBI TÍ ỌWỌ́ KÒ GBỌDỌ̀ KÀN

Ẹ jẹ́ kí á rántí ọmọ tí ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ. Ẹ fi nǹkan mẹ́fà yìí sọ́kàn.

Èkíní: Egungun tí ó ṣẹ́. Bí ẹnìkan bá ṣubú, tí ibi kan wú, tí ó tẹ̀, tí kò lè fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀, ẹ má ṣe wọ́ ọ. Ẹ má ṣe fà á. Ẹ wá igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ẹ fi aṣọ wé wọn, ẹ fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ náà méjèèjì bí ó ti wà gan-an, kí ẹ fi aṣọ dì í kí ó má baà mì. Ẹ má dì í le. Ẹ máa fọwọ́ kan ìka rẹ̀. Bí ó bá tutù, bí ó bá funfun tàbí bí ó bá dúdú, bí ẹni náà bá ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, ẹ tú u kíákíá. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà. Bí ó bá jẹ́ ọrùn tàbí ẹ̀yìn ni ó fi balẹ̀, ẹ má ṣe gbé e jókòó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kí ó gbé e pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí pákó, kí orí àti ẹ̀yìn rẹ̀ má yí.

Èkejì: Ẹsẹ̀ kan tí ó wú. Bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tí ó gbóná, tí ẹran ẹ̀yìn rẹ̀ nísàlẹ̀ orúnkún ń dunni, pàápàá lára ìyá ìkókó tàbí ẹni tí ó ti pẹ́ lórí ibùsùn, ó lè jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì nínú iṣan. Bí a bá wọ́ ọ, ẹ̀jẹ̀ dídì náà lè já, kí ó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì pa ẹni náà lójijì.

Ẹ̀kẹta: Kókó tí kò dunni. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, àrùn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní Buruli. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ bíi kókó kékeré lábẹ́ awọ, tàbí bí ibi tí ó wú tí ó le. Kì í sábà dunni. Nítorí pé kò dunni, a ń wọ́ ọ, a ń fi ewé sí i, oṣù ń kọjá. Lẹ́yìn náà, yóò bẹ́, yóò sì di egbò ńlá tí ń jẹ ẹran ara. Bí a bá tètè mú un lọ, oògùn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lè wò ó sàn. Ní ìlú Pọ́bẹ̀, ilé ìtọ́jú kan wà fún àrùn yìí. Àwọn mìíràn wà ní Alada àti ní Lalo. Níbẹ̀ pẹ̀lú, àwọn tí ó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ máa ń na ọwọ́ àti ẹsẹ̀ aláìsàn lójoojúmọ́ kí oríkèé rẹ̀ má baà gan. Ẹ rí i pé ọwọ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn ni ó ń pa àrùn náà.

Ẹ̀kẹrin: Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹ má ṣe jókòó máa fi àdí pa á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ibà ẹ̀fọn ń yára pa ọmọdé. Kí ẹ gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò ní ọjọ́ kìíní.

Ẹ̀karùn-ún: Àrùn rọpárọsẹ̀. Bí ẹnu ẹnìkan bá ṣàdédé wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí apá rẹ̀ kan bá rọ̀, bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá lọ́, ẹ má ṣe pe ẹni tí ń wọ́ra. Ẹ má sì fi agbo sí i lẹ́nu, kí ó má baà há a lọ́fun. Wákàtí kọ̀ọ̀kan ṣe pàtàkì. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó bá padà wálé ni iṣẹ́ ọwọ́ yín yóò bẹ̀rẹ̀: ẹ ó máa bá a na apá àti ẹsẹ̀ náà lójoojúmọ́ bí wọ́n ti kọ́ yín, ẹ ó sì máa ràn án lọ́wọ́ kí ó tún ìrìn kọ́.

Ẹ̀kẹfà: Ẹ̀yìn dídùn tí ó lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tàbí tí ara ń gbóná pẹ̀lú rẹ̀, tàbí tí ẹni náà ń rù, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kú, tàbí tí kò lè mú ìtọ̀ dúró mọ́. Ikọ́ ife pàápàá lè wọ inú egungun ẹ̀yìn. Ọwọ́ kò lè wo èyí.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Ẹ̀yin ará, mo fẹ́ parí ìtàn ìyá àgbà wa. Lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ ọmọ náà, ìyá kò jáde nílé fún ọjọ́ mélòó kan. Ó ní òun kò ní fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni mọ́. Nọ́ọ̀sì tí ó wà ní ilé ìwòsàn abúlé ni ó lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ kí i, ó ní, "Ìyá àgbà, ẹ má ṣe ká ọwọ́ yín kò. Àwa nílò ọwọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n kàn fi ohun tí mo mọ̀ kún ti yín."

Wọ́n jọ jókòó. Nọ́ọ̀sì kọ́ ìyá ní ohun tí mo sọ fún yín yìí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé ẹni tí ó ṣubú wá, ìyá yóò wò ó, yóò fi igi àti aṣọ dì í jẹ́jẹ́, yóò sì sọ fún àwọn ará ilé pé, "Èyí kì í ṣe ti ọwọ́ mi. Ẹ gbé e lọ kíákíá." Àwọn ènìyàn gbọ́ tirẹ̀ ju bí wọn ì bá ti gbọ́ ti dókítà lọ, nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ tí ó já bọ́ lórí ọ̀pẹ ti di télọ̀ báyìí. Ẹsẹ̀ kan ni ó fi ń wa ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ṣì ń lọ kí ìyá ní ọjọọjọ́ ọjà.

Àwọn àgbà ní ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Ọwọ́ ilé kan wà, ọwọ́ ilé ìwòsàn kan wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì jọ gbé ẹrù náà. Bí ẹ bá dé ilé lálẹ́ òní, ẹ fi òrí díẹ̀ wọ́ ẹsẹ̀ ìyá yín. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ọwọ́ kàn án, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa, kí ẹ sì béèrè ohun tí ó ṣe é.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

1. Kí ni ó mú kí ẹsẹ̀ ọmọ tí ó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ kú?
2. Ẹ dárúkọ nǹkan mẹ́ta tí ara wíwọ́ lè ṣe.
3. Kí ni kò yẹ kí á ṣe fún ọmọ tuntun nígbà tí a bá ń wọ́ ọ?
4. Bí ẹ bá rí kókó tí kò dunni lára ọmọ yín, kí ni ẹ ó ṣe?
5. Ta ni ó ń wọ́ra ní abúlé yín? Ẹ lọ ka ọ̀rọ̀ yìí fún un, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí òun náà yóò sọ.